Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ajá wálé

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ajá irú èyí tí kì í tóbi ju ológbò lọ, tó bá ń tọ̀ sínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè é ní olóríkunkun. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló kéré. Tó bá jẹ́ ọmọ oṣù 2, kì í sábà lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí 2 lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa ṣọ́ aago: bó bá ti jí, bó bá ti jẹun tán, bó bá ti ṣeré tán, ẹ gbé e lọ síbi kan náà níta. Mo ní ẹ gbé e o! Tí ẹ bá ní kó máa rìn tẹ̀lé yín, á ti tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Bó bá ti ṣe tán, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti yìn ín, kí ẹ fún un ní ìpápánu tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ wọlé, á rò pé torí pé òun wọlé ni.

Tó bá tọ̀ sínú ilé, ẹ má ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù yín nìkan ló máa kọ́, á wá máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga. Ẹ fọ ibẹ̀ títí òórùn á fi lọ, àmọ́ ẹ má lo ohun tó ní amóníà (kẹ́míkà olóòórùn líle kan) nínú, torí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀.

Kíkọ́ ọ láti jókòó tí ẹ bá ní "jókòó" rọrùn. Ẹ gbé ìpápánu sókè imú rẹ̀, ẹ rọra fà á lọ sẹ́yìn orí. Bó ti ń wòkè, ìdí á balẹ̀. Ẹ wí "jókòó" lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣẹ́jú 5 ti tó fún ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan.