Omi Ni Kí Ẹ Tọ́jú, Kì Í Ṣe Iná: Bí A Ṣe Ń Fi Oòrùn Fa Omi Dípò Bẹntiróò

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí epo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi. Pọ́ǹpù sólà kò nílò bátìrì. Tí oòrùn bá ràn, omi á gòkè, á sì dúró sínú táńkì de alẹ́. Táńkì tó gba omi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Ẹ tètè jáwọ́ nínú gbígbé pọ́ǹpù bẹntiróò sínú kòtò tàbí sínú kànga kó lè sún mọ́ omi. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó lè dákú kó tó fura.

Ẹ wọn kànga kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á wọn omi nígbà tó sinmi, bẹ́ẹ̀ omi máa ń lọ sílẹ̀ tí pọ́ǹpù bá ń fà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á fún wákàtí bíi mélòó kan. Ká ní mítà 14 ni omi wà sí ẹnu kànga, orí táńkì ga ní mítà 4, ẹ sì fi mítà 2 kún un fún ìnira inú páìpù: ó di mítà 20. Tí ẹ bá ń lo lítà 10,000 lójúmọ́, ẹ fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 367 pín in, nọ́ńbà tó ń sọ lítà àti mítà di wáàtì-wákàtí. Ó máa jẹ́ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 545. Ẹ ṣírò pé ìdá 40 péré nínú 100 iná tí pọ́ǹpù kékeré ń jẹ ló ń di iṣẹ́, torí náà ó máa bèèrè nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 1,360 lójúmọ́. Níbi tí oòrùn gidi, ìyẹn èyí tó mú ganrínganrín, ti tó wákàtí 4.5 lójúmọ́, tí ooru, eruku àti wáyà sì jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin, páànẹ́lì wáàtì 400 ló kéré jù. Àwa á ní kí ẹ ra 500.

Ẹ má gbé páànẹ́lì sábẹ́ òjìji rárá. Ẹ̀ka igi kan tó ṣíji bo igun páànẹ́lì kan lè dín iná gbogbo èyí tí ẹ tò tẹ̀léra kù, torí iná kan náà ló ń gba inú wọn kọjá. Ẹ dagun rẹ̀ díẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n digíríì 10, kí òjò lè máa fọ eruku dànù.

Tí ẹ bá so páànẹ́lì tẹ̀léra, fóòtì wọn á ròpọ̀. Ẹ rí i pé kò kọjá èyí tí wọ́n kọ sára kọntirólà, ẹ̀rọ tó wà láàárín páànẹ́lì àti pọ́ǹpù. Ẹ fi àyè sílẹ̀, torí fóòtì máa ń ga sí i láàárọ̀ tútù. Ẹ pa swíìṣì kí ẹ tó yọ wáyà èyíkéyìí: iná sólà máa ń tan yẹ́rí láàárín wáyà méjì tí wọ́n bá fà yà, kì í sì í tètè kú.

Pọ́ǹpù tó ń yí láìsí omi á jóná. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sínú kànga, lókè pọ́ǹpù díẹ̀, kó lè dá a dúró fúnra rẹ̀ tí omi bá lọ sílẹ̀.

Ìdájí ni kí ẹ máa fọ páànẹ́lì, pẹ̀lú omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Omi tútù tí wọ́n bá dà sórí gíláàsì tó ti gbóná lọ́sàn-án lè là á.