Ọtí olówó ńlá tó ti kan kó tó délé: àṣìṣe tá à ń ṣe nídìí wáìnì

Nígbà ìdáná àbúrò mi, èmi ni wọ́n rán lọ ra wáìnì pupa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mo mú èyí tó wọ́n jù nínú àwọn tí wọ́n tò sí iwájú gíláàsì, níbi tí oòrùn ń pa wọ́n. Ìgbà tí a fẹ́ ṣí i ni mo rí i pé kọ́ọ̀kì ti yọ sókè díẹ̀, omi pupa sì ti ṣàn gbẹ mọ́ ọrùn ìgò. Bàbá kan gbé e sẹ́nu, wọ́n rọra gbé ife kalẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọtí yìí ti kan." Owó yẹn ìbá ra ìgò mẹ́ta tó dáa.

Iye owó la máa ń wò, a kì í wo ibi tí ìgò dúró sí. Bẹ́ẹ̀, ooru ló ń pa wáìnì. Ìwọ̀n 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́ràn. Ọ̀sán Èkó sì ń lé ní 30. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé bí iná bá ti lọ ni ẹ̀rọ amúlétutù wọn ti kú, ẹ má ra olówó ńlá níbẹ̀. Ẹ yẹra fún ìgò etí fèrèsé àti èyí tó wà lábẹ́ gílóòbù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka tẹ orí ìgò: bí kọ́ọ̀kì bá ti wú sókè lábẹ́ ohun tó bò ó, ooru ti dé ibẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ dá a padà.

Ẹ má sì rò pé bó bá ti pẹ́ tó ló ṣe dùn tó. Èyí tí agbára wa ká, pàápàá funfun, wọ́n ṣe é fún mímu láàárín ọdún mélòó kan ni. Ìgò funfun ọlọ́dún méje tí eruku ti bò, ọjà tí kò tà ni.

Orúkọ náà ń gbówó lọ́wọ́ ẹni. Agbègbè Champagne nílẹ̀ Faransé nìkan ni Champagne ti ń wá, ìdí kan tó fi wọ́n nìyẹn. Cava, wáìnì ilẹ̀ Sípéènì tó ń yọ fóòmù, náà ń hó lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò tirẹ̀ bíi ti Champagne, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ọn. Fún funfun, ẹ wo Chenin Blanc ti South Africa. Kò sí orílẹ̀-èdè tó gbin àjàrà yẹn tó wọn. Fún pupa, Rioja, wáìnì agbègbè kan ní Sípéènì, ni mo fẹ́ràn, torí òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ara ìgò wọn: pupa tí wọ́n kọ Crianza sí ti lo ọdún 2 ó kéré tán, ọdún 1 nínú rẹ̀ nínú àgbá igi, Reserva, ọdún 3. "Reserve" tí ẹ ń rí lára ìgò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní òfin kankan, ẹ má tìtorí rẹ̀ fowó kún owó. Ìdérí tí a ń fọwọ́ lọ́ kì í sì í ṣe àmì ọtí burúkú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pupa líle pẹ̀lú oúnjẹ wa. Ohun tó ń mú ẹnu gbẹ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a jẹ obì, àti agbára ọtí náà, ṣe ni wọ́n ń dá kún iná ata rodo. Funfun tó tutù, tó dùn díẹ̀, ló ń bá ọbẹ̀ ata lọ.

Bó bá sì jẹ́ pupa lẹ fẹ́, ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná. Àwọn tó ní kì í wọ fíríìjì, ilé tó tutù ni wọ́n ń gbé. Èyí tó bá kù, ẹ dé e padà, ẹ gbé e síbẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bàjẹ́.