Bí mo ṣe mú kí tòmátì wẹ́wẹ́ mi yé là lórí igi
Ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ gbin tòmátì wẹ́wẹ́ sẹ́yìnkùlé, tèmi ń là ṣáá, tó bá ti ń pọ́n báyìí tí òjò ńlá wá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, èèpo rẹ̀ á là láti ibi tó so mọ́ igi, èèrà á sì wọ̀ ọ́. Kì í ṣàrùn o, omi ni: ilẹ̀ gbígbẹ mu omi lẹ́ẹ̀kan náà, inú èso wú ju èèpo lọ. Mo wá fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, ó nípọn dáadáa, kò kan igi, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ níwọ̀n-níwọ̀n tójò ò bá rọ̀. Èyí tó bá ti ń pupa díẹ̀, mo máa ń já a kójò tó dé, á pọ́n nínú ilé. Èyí tó ń là ò tó nǹkan mọ́, inú mi dùn gan-an.