Bí wọ́n ṣe ń lo "clarify"

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, explain àti clarify ò jọra o. Explain, o ń ṣàlàyé nǹkan látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ clarify, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn rújú díẹ̀ ni, o wá ń là á yéni. Ká ní lándílọ́ọ̀dù ní kó o wá san owó tí o ò sì mọ̀ bóyá owó iná wà níbẹ̀, "Please clarify the amount" lo máa sọ. Má fi about sí i jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an la ti máa ń ṣì í. "Clarify it for me" ni, kì í ṣe "clarify me". Tó bá ti kọjá, clarified. Wọ́n tún ń lò ó fún bọ́tà tí wọ́n yọ́, tí wọ́n bu ìfófòó kúrò lórí ẹ̀ títí tó fi mọ́ kedere, bí àwọn ìyá wa ṣe ń se òrí.