Bí a ṣe ń lé èéfín kúrò ní ilé wa ní Mushin

Aránṣọ ni mí. Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ èéfín. Bó bá ń yọ ẹ̀yin náà lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ọ. Ẹ fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: aago mélòó ló wọlé, ibo ló ti ń bọ̀, ṣé iná wà? Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ ti eruku sọ́tọ̀.

Danfó ni mo ń bú tẹ́lẹ̀. Ìwé yẹn ló là mí lójú: tí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ló ń ké nínú ilé wa nìkan. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tèmi náà wà níbẹ̀. Mo ti gbé e bọ́ sí ìta.

Ẹ má bá aládùúgbò jà. Iná ni kò rí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” ló burú jù, torí ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ló ń jó. Lálẹ́ òní, ẹ gbé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti abẹ́ fèrèsé, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síta. Kí ẹnikẹ́ni má tàn án sínú ilé, kódà bí fèrèsé ṣí sílẹ̀: gáàsì inú èéfín yẹn kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa odidi ẹbí. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àjọ. Àwa mẹ́rin ra sólà kan tó ń gbé gílóòbù àti fáànù. Ní tèmi, mo padà sí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, mo rò pé afẹ́fẹ́ á mọ́. Jẹnẹrétọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí gáàsì ìdáná wọ́n, èédú ló padà sílé ìdáná. Láti oṣù Kẹrin 2024, iná wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, ló tọ́ sí àwọn Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà iná tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, lówó gọbọi. Àwa kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò lówó iná ló ń fa èéfín símú.

Ìdọ̀tí náà, ọ̀rọ̀ owó ni. Nígbà tí yàrá méjì kò san owó PSP, àwọn aládàáni tó ń kó ìdọ̀tí, ọkọ̀ kò dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ni wọ́n bá ń sun ún lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa gba owó náà díẹ̀díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó rọrùn ju owó oṣù lọ.

Ẹ wá gbé ìwé yín lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ má wí pé èéfín pọ̀. Ẹ ka ọjọ́ àti aago. Mo gbé ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ń fa oògùn símú sórí tábìlì, mo sì ka ìwé mi. Kí alága kọ lẹ́tà sí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kó kọ òmíràn sí iléeṣẹ́ iná nípa tiransifọ́mà, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Bí ẹni tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ bá sì dé àdúgbò yín, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí yóò máa wọlé, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kan náà lójú rẹ̀.