Bẹ́ ẹ ṣe máa so igi ọrun pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi iná yan inú ẹ̀

Àwọn tó ń gbẹ́ ọrun ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn igi Osage orange gan-an, igi yẹn lágbára, agbègbè Texas, Oklahoma àti Arkansas ló ti ń hù látilẹ̀, wàhálà ẹ̀ ò ju pé ó máa ń wọ́, ó sì máa ń ní kókó, kéèyàn tó rí èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 tó tọ́ látòkè délẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá kúkúrú méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí wọ́n á so pọ̀ láàárín níbi tọ́wọ́ máa ti dì í mú. Ẹni tó bá sọ pé ọrun tí wọ́n so kì í pẹ́, kò tíì rí èyí tí wọ́n so dáadáa ni.

Ara ìtí kan náà ni kẹ́ ẹ ti mú méjèèjì, kí wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó la ìtí ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, apá kan á le apá kejì á rọ̀, ẹ ó wá máa bá a jà títí. Kó gbẹ dáadáa o. Ẹ gbẹ́ orí méjèèjì tó máa pàdé kó dọ́gba, kó fẹ̀ kó sì nípọn tó nǹkan bí ínǹṣì kan ààbọ̀.

Ẹ wá gé pépà, ẹ ya Z sí i, ìlà mẹ́ta tó lọ tó bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, kó gùn tó ínǹṣì 4. Pépà kan náà lẹ máa lò fún igi méjèèjì, ẹ kàn máa yí orí ẹ̀ padà ni, ẹ má dojú ẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ọrun ni kẹ́ ẹ ya á sí, ìyẹn apá tó máa kọjú sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ta. Kí ayùn gba apá ibi tẹ́ ẹ máa gé dànù, kó má jẹ ìlà pẹ́ńsù.

Tẹ́ ẹ bá ki ọ̀kan bọ èkejì, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ìmọ́lẹ̀ kankan má yọ láàárín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gúlù ló máa dí àlàfo, epoxy, ìyẹn gúlù tí wọ́n ń po oríṣi méjì pọ̀, lè dí díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, igi tó fara mọ́ igi ló ń mú un dúró. Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹ ki orí méjèèjì sínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, á rọ̀, kíákíá ẹ tì í wọnú ara wọn, ẹ fi kíláǹpù, ìyẹn irin tó ń fún nǹkan mọ́ra, mú un títí á fi tutù, ọ̀kan á gba ìrísí èkejì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ, torí igi tó ṣì lómi nínú kì í gba gúlù dáadáa.

Ẹ fi acetone, ìyẹn omi tó ń fọ ọ̀rá kúrò, nu ojú tẹ́ ẹ gé, ẹ fi gúlù kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ na òwú láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó kẹ́ ẹ lè rí i pé ó gba àárín, kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà tẹ́ ẹ gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ wé e. Ẹ má fún un pa, gúlù tó bá tú jáde tán ò ní mú nǹkan kan. Ó di wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ nípọn, kó má tẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun á dọ̀pá, ọsán ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ so tó bá là nígbà tẹ́ ẹ ti fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú yín ló ń bọ̀ wá bá.

Ó wá ku iná. Osage ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀ ju kẹ́ ẹ fi tọ́ ibi tó wọ́ lọ. Àwọn igi bíi hickory, elm àti ash ló ń jẹ èrè ẹ̀. Ẹ̀yìn hickory kì í tètè ya, inú ẹ̀, ìyẹn apá tó kọjú sí ẹni tó ń ta á, ni kì í gba ìfúnpọ̀, ọrun á wá tẹ̀ síbẹ̀ kò ní padà mọ́. Iná máa ń jẹ́ kí inú yẹn le, kì í sì í mu omi inú afẹ́fẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ẹ gbẹ́ ẹ títí tí apá méjèèjì á fi máa tẹ̀ dọ́gba ná. Tí igi ò bá tíì gbẹ, ẹ má gbé e súnmọ́ iná, ńṣe ló máa sán.

Ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́ pákó tẹ́ ẹ ti gé kó tẹ̀ díẹ̀, kí ṣóńṣó ẹ̀ yí padà sẹ́yìn tó ínǹṣì 2, kí inú ọrun kọjú sókè. Ẹ máa rọra gbé heat gun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, lọ lórí ẹ̀, kó jìnnà tó ínǹṣì 3 sí 4, ẹ má kánjú, kó pọ́n wọnú bí àkàrà tó jiná. Tó bá dúdú ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ déédéé, tí ọwọ́ ò bá lè gbà á, iná ti pọ̀ jù, torí ẹ̀yìn tó bá gbẹ jù máa ṣẹ́. Ẹ jìnnà síbi tẹ́ ẹ so o, gúlù funfun táwọn káfíńtà ń lò máa ń rọ̀ nínú ooru.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá lórí pákó yẹn kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o, ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan kó gba omi díẹ̀ padà látinú afẹ́fẹ́, ibí ni ọrun ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣẹ́. Á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa ha inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fà á wò, títí á fi tẹ̀ débi tẹ́ ẹ fẹ́.