Kí Ẹ Tó Gbin Ọsàn Sẹ́yìnkùlé, Ẹ Mú Téèpù

Lééṣì oníbàárà ni ẹ̀gún ọsàn kọ́kọ́ fàya mọ́ mi lọ́wọ́. Epo máṣìnì kán sí i, mo fọ ibẹ̀, mo sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé wa ní Àpáta, n'Íbàdàn. Afẹ́fẹ́ gbé e lu igi ọsàn. Kí n tó sáré débẹ̀, apá òsì ti ya dé ìgbọ̀nwọ́. Mo san owó lééṣì náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé igi yẹn ti lo ọdún mẹ́jọ, kò sì tíì so ẹyọ kan. Èmi fúnra mi ni mo gbìn ín, láti inú kóró ọsàn tí mo mu ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọsàn tí a fi kóró gbìn máa ń hu ẹ̀gún gan-an nígbà èwe rẹ̀, ó sì lè lò tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí tí wọ́n so pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Síso pọ̀ tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ aránṣọ ni. Wọ́n á gbin lẹ́mọ́ọ̀nù nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Tí ìdí rẹ̀ bá ti nípọn tó pẹ́ńsù, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀, wọ́n á gé ojú kan, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti máa ń rú, lára igi ọsàn dídùn tó ti ń so, wọ́n á kì í bọ abẹ́ èèpo náà bí a ṣe ń ki rọ́bà bọ ìgbànú síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé e pinpin. Bí ojú yẹn bá ti mú tó sì rú, wọ́n á gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù dànù. Ìsàlẹ̀ di lẹ́mọ́ọ̀nù, òkè di ọsàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n so pọ̀, ẹ ó rí àpá kan níbi tí igi ti tẹ̀ díẹ̀. Èyí tó gún gbọọrọ láti ilẹ̀ dókè, tí kò lápàá, kóró ni wọ́n fi gbìn ín, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ fi orí ìyá rẹ̀ búra. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti búra fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí-Ìṣìn ni mo wá lọ lẹ́yìn náà, sí NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975. Ẹ béèrè orúkọ ọsàn tí ẹ ń rà: Agége ni àbí Valencia? Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ohun tó ń tà, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ó wá kan téèpù. Èyí tí mò ń fi kọ́rùn jẹ́ 60 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni kó wà láàárín ọsàn sí ọsàn, ìlọ́po mẹ́fà fún máńgòrò. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà tí ilé àti kànga ti wà lórí rẹ̀, ẹ ó rí i pé igi mẹ́wàá tí ẹ ń rò lọ́kàn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa gbà. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ kí máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kàwéè, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. A jà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbòǹgbò máńgòrò kò mọ ògiri sọ́kàwéè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ìkángun ló padà wà, níbi tí kò sí wáyà iná lórí.

Ihò: 24 íǹṣì ní ìbú, 24 ní jíjìn. Orúkọ àdúgbò wa kò parọ́, dígà ni a fi gbẹ́ tiwa. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, nítorí òun ni ẹ ó pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó dá a padà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ ya ọ̀rá ìdí igi náà kúrò pátápátá, kí àpá yẹn sì wà lókè ilẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá bò ó, ìdí rẹ̀ lè rà. Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, ló dára jù, kí gbòǹgbò ti wọlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, korobá omi kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ara igi, torí ikán.

Èyí tó ṣe mí nìyí. Ní ọdún kejì, ẹ̀ka kan yọ nísàlẹ̀ àpá lára ọ̀kan nínú ọsàn mi, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń sáré ju àwọn yòókù lọ, inú mi sì ń dùn. Lẹ́mọ́ọ̀nù ni. Ó mu gbogbo omi, ọsàn òkè gbẹ, aládùúgbò mi wá ń rí lẹ́mọ́ọ̀nù ọ̀fẹ́ fi po àgbo. Ohun yòówù tó bá yọ nísàlẹ̀ àpá, ẹ fi ọwọ́ ya á nígbà tó ṣì rọ̀.

Àfòmọ́ náà ń bẹ. Ẹyẹ ló ń gbé kóró rẹ̀ wá, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á máa mu omi ara igi. Ẹ má kàn já ewé rẹ̀, á tún hù. Ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ gé, ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá eléwé-ọmọ á bá yín gbà á.

Ìbẹ́pẹ kò gba wàhálà: mẹ́ta nínú ihò kan, kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá tanná. Èyí tí òdòdó rẹ̀ fi okùn gígùn rọ̀ sílẹ̀, akọ ni. Èyí tí òdòdó rẹ̀ jókòó mọ́ ara igi, abo ni. Ẹ fa akọ tu, àfi bí ẹ bá gbin púpọ̀, kí ẹ dá ọ̀kan sí. Àwọn kan á ní kí ẹ kan ìṣó mọ́ akọ kó lè di abo. Ìṣó yẹn, ẹ fi kan ìlẹ̀kùn yín.

Ọsàn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n níta. Òtútù òru ló ń sọ èèpo rẹ̀ di pupa nílẹ̀ òkèèrè. Tó bá wúwo lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ sì ń dán, ẹ já ọ̀kan tọ́ wò. Tó bá kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lórí igi, torí ọsàn kì í dùn sí i mọ́ tí a bá ti já a. Mo ní àlùmọ́gàjí àtijọ́ kan tí mo fi ń gé e nídìí. Ẹni tó bá mú ti aṣọ débẹ̀, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa sọ ọ́.

Oníbàárà tó ni lééṣì yẹn ṣì ń wá. Tí ọsàn bá ti gbó, á bó mẹ́ta mu nídìí igi, á kó mẹ́wàá sínú báàgì, á ní owó ìránṣọ lééṣì yẹn ṣì kù.